Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ omi ìdọ̀tí: bí kòkòrò àìfojúrí ṣe ń dín in kù, tó sì ń dín owó kù

Kí ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń ráhùn lé lórí yìí?

Òun ni ohun tó silẹ̀ sí ìdí táǹkì nígbà tí omi ìdọ̀tí bá tòrò. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ ìgbẹ́, ọ̀rá, bébà àti yanrìn tó bá omi wọlé. Apá kejì jẹ́ kòkòrò àìfojúrí, òkú àti ààyè wọn, tí wọ́n jẹ ìdọ̀tí náà yó tí wọ́n sì bí sí i. Ẹni tó bá ti wo ìdí kèrègbè ẹmu rí ti rí ohun tó jọ ọ́.

Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú lítà 100 gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí pọ́ǹpù gbé jáde, omi lè tó lítà 99. Nítorí náà, omi lẹ ń sanwó fún nígbà tí ẹ bá ń sanwó fún onítánkà.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ní ṣọ́kàwéè nílé?

Díẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlọrin ló ń lo táǹkì ìdọ̀tí àti ṣọ́kàwéè, kòkòrò inú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn. Ohun tó kù fún onílé ni pé kó máa wọ̀n ọ́n ní ọdún kan sí méjì. Ẹ wé aṣọ funfun mọ́ ọ̀pá gígùn, ẹ tì í dé ìsàlẹ̀ táǹkì, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì fà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó dúdú lára aṣọ ni gíga gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Tí òun àti ìpẹ́ ọ̀rá tó léfòó bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta jíjìn táǹkì, ẹ pe tánkà tó ń fa ṣọ́kàwéè.

Àwọn tí ìyókù ojú ìwé yìí wà fún gan-an ni àwọn tó ń bójú tó ilé ìtọ́jú omi ìdọ̀tí: ti ilé akẹ́kọ̀ọ́, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn, ẹ́sítéètì, ilé ìpẹran, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí.

Kòkòrò wo ló ń ṣiṣẹ́ yìí?

Oríṣi méjì ni. Èkíní kò lè ṣe láìsí afẹ́fẹ́. Ó yára, omi tó bá jáde lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, àmọ́ ó ń bímọ bí ehoro. Tó bá jẹ kílò kan oúnjẹ, nǹkan bí ìdajì kílò ló máa fi di ara rẹ̀, ara yẹn sì ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Edward Ardern àti William Lockett ṣàlàyé ní Manchester lọ́dún 1914, nígbà tí wọ́n rí i pé tí a kò bá da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù, tí a da omi ìdọ̀tí tuntun lé e lórí tí a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, omi náà á yára mọ́. Orí ìlànà yẹn ni ilé ìtọ́jú tó ní bulówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, ṣì wà títí dòní.

Oríṣi kejì ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ó ń falẹ̀, àmọ́ gáàsì ló ń sọ ọ̀pọ̀ oúnjẹ rẹ̀ dà. Nínú kílò kan, gíráàmù 50 sí 150 péré ló ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ooru ló sì fẹ́ràn. Ní ìlú olótùútù, wọ́n ń fi iná gbóná táǹkì fún un. Ní tiwa, oòrùn Ìlọrin ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ fi iye hàn wá. Báwo ni ìyàtọ̀ náà ṣe tó?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 ń gbé. BOD la fi ń wọn oúnjẹ tó wà nínú omi ìdọ̀tí. Òun ni ìwọ̀n ọ́síjìn tí kòkòrò máa lò láti fi jẹ ìdọ̀tí náà láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ẹnì kan ń mú nǹkan bíi gíráàmù 50 wá lóòjọ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 50.

Tí afẹ́fẹ́ nìkan bá ń ṣiṣẹ́, tí a sì ń yára yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, a óò rí nǹkan bíi kílò 25 gbígbẹ lóòjọ́. Nígbà tí omi jẹ́ ìdá 99 nínú 100, ìyẹn jẹ́ lítà 2,500. Tánkà onílítà 10,000 máa kún ní ọjọ́ mẹ́rin, ẹ óò pè é tó ìgbà méje sí mẹ́jọ lóṣù.

Tí a bá jẹ́ kí àwọn kòkòrò pẹ́ nínú táǹkì, ebi á pa wọ́n, wọ́n á máa jẹ ara wọn, ohun tó ń jáde á sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi kílò 15. Tánkà á wá di ìgbà mẹ́rin sí márùn-ún. Àmọ́ jíjẹ ara wọn yìí náà ń gba afẹ́fẹ́: ọ́síjìn tó jẹ́ kílò 50 tẹ́lẹ̀ lè di 75. Tí bulówà bá ń fún wa ní kílò kan ààbọ̀ fún yúníìtì iná kan, yúníìtì 33 ti di 50. Ohun tí ẹ rí fi pamọ́ lọ́wọ́ onítánkà, ẹ ti ń san díẹ̀ nínú rẹ̀ fún iná.

Tí a bá wá fi táǹkì tí kò ní afẹ́fẹ́ ṣáájú, tó gba kílò 35 nínú 50 náà, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tirẹ̀ máa jẹ́ nǹkan bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀. Kílò 15 tó kù ló máa dé ọ̀dọ̀ bulówà, ìyẹn á sì bí bíi kílò mẹ́fà. Àpapọ̀ kò tó kílò 10. Ọ́síjìn tí a nílò á wálẹ̀ sí bíi 22, yúníìtì 15. Nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí, òun nìkan ló ń dín gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àti iná kù pọ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Kí la lè ṣe láìra ohunkóhun?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ki. Tí ohun gbígbẹ inú rẹ̀ bá kúrò ní ìdá 1 nínú 100 sí ìdá 2, iye lítà rẹ̀ ti di ìdajì. Ẹ pa pọ́ǹpù tó ń yọ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó silẹ̀ nínú táǹkì ìfipamọ́ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ sì da omi tó tòrò lókè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí onítánkà tó dé. A ti rí ibi tí wọ́n ń fa tánkà lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé omi tó mọ́ ni wọ́n ń fà.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí omi tí kò ní ìdọ̀tí wọlé. Omi òjò orí òrùlé àti omi àlùwàlá mọ́ṣáláṣí ọgbà kò ní oúnjẹ tó fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ fún kòkòrò. Tí ẹ bá rán wọn wọ táǹkì, ńṣe ni wọ́n ń gbá kòkòrò jáde. Ọgbà òdòdó tàbí igi máńgòrò á mọ rírì wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi àsìkò bulówà bá àsìkò oúnjẹ mu. Nínú oṣù Rámádàánì, omi ilé ìdáná àti omi ìwẹ̀ máa ń ya wọlé lẹ́yìn ìṣínu àti nígbà sààrì. Táímà tí wọ́n ṣètò sí ọ̀sán gangan ń fẹ́ atẹ́gùn sí omi tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó yẹ kí n yọ?

Ẹ bu omi táǹkì afẹ́fẹ́ nígbà tí bulówà ń ṣiṣẹ́, kí ẹ dà á sínú ìkòkò dígí tàbí ike onílítà kan tó mọ́ gaara tí a fi àmì sí lára ní mílílítà 100 kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò pa, ẹ má mì í, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ máa rí i tí wọ́n ń so mọ́ra wọn bí òwú, tí ìlà kan á yọ láàárín omi tó mọ́ àti àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀. Níbi tí ìlà yẹn bá dúró sí ni ẹ máa kà.

Fún ilé ìtọ́jú tó ń jẹ́ kí kòkòrò pẹ́, 300 sí 500 dára. Tó bá ju 600 lọ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ẹ fi díẹ̀ kún ohun tí ẹ ń yọ. Tí kò bá tó 200, ẹ dín in kù. Ẹ má ṣe fi ju ìdá 10 nínú 100 pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ẹ sì dúró ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tún un ṣe. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí ènìyàn gbàgbé rẹ̀ fún oṣù kan, kó sì wá yọ ìdajì táǹkì ní Sátidé kan.

Bí ẹ ṣe máa mọ ọjọ́ orí kòkòrò nìyí: ẹ pín àpapọ̀ ohun gbígbẹ inú táǹkì sí ohun tí ẹ ń yọ lóòjọ́. Táǹkì onílítà 100,000, tí gíráàmù mẹ́rin wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan, ní kílò 400. Tí ẹ bá ń yọ kílò 15, ọjọ́ 27 ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Ṣé álọ́ọ̀mù kò lè mú kí omi yára tòrò?

Ó lè ṣe é, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ń di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Kílò kan álọ́ọ̀mù ń bí bíi gíráàmù 260 ohun gbígbẹ, tó sì máa ń di omi mú pinpin. Ẹni tó ń lo kílò 10 lóòjọ́ ti fi bíi lítà 260 kún ohun tí tánkà máa gbé. Ó tún ń jẹ agbára tí omi fi ń kọ kíkan, èyí tí kòkòrò nílò. Tí omi kò bá tòrò mọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń ṣe kòkòrò.

Iná lọ. Báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kí kòkòrò tó kú?

Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kò ṣe wọ́n ní nǹkan. Tó bá di ọjọ́ kan, omi á dúdú, á máa rùn bí ẹyin tó dobu. Ọjọ́ mélòó kan sí i, ẹ óò máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò nílò láti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́: wákàtí kan nínú wákàtí mẹ́ta tó láti mú wọn wà láàyè. Ẹ dá yíyọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúró lásìkò yẹn.

Nígbà tí iná bá sì wà, ẹ má fẹ́ ju bó ṣe yẹ. Ọ́síjìn mílígíráàmù 1.5 sí 2 nínú lítà kan tó. Afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń gba ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iná ilé ìtọ́jú, nítorí náà ibẹ̀ ni ẹ ti máa kọ́kọ́ wá owó. Tí géèjì bulówà bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ihò àwo tó ń tú afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ ti ń dí.

Wọ́n ń ta kòkòrò inú ìgò àti èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú. Ṣé kí a rà á?

Fún ilé ìtọ́jú tó ti ń ṣiṣẹ́, èrò tiwa ni pé kí ẹ fi owó yẹn tún bulówà ṣe. Táǹkì tí a ṣírò lókè ní kílò 400 kòkòrò gbígbẹ nínú. Kí ni lítà kan inú ìgò fẹ́ ṣe láàárín wọn? Kòkòrò tó bá ń sọnù nítorí àìsí afẹ́fẹ́, nítorí Jik tàbí nítorí omi tó ń ya wọlé jù, èyí tí ẹ rà náà á bá wọn lọ.

Ó lè wúlò níbi tí ọ̀rá ti dí kòtò ilé ìdáná, tàbí lẹ́yìn tí oògùn líle bá pa gbogbo kòkòrò inú táǹkì. Síbẹ̀, lítà 5,000 gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ààyè láti ilé ìtọ́jú mìíràn tó ń ṣe dáadáa máa mú bíi kílò 40 kòkòrò wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ aládùúgbò yín kí ẹ tó lọ sọ́jà.

Olùtajà ní kí a kàn dán an wò. Báwo la ṣe máa dán an wò kí wọ́n má bàa tàn wá?

Ẹ nílò táǹkì tàbí adágún méjì tó jọra, kí ẹ lò ó sí ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi páìpù tó mọ́ gaara, tó gùn ju jíjìn omi lọ, wọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ níbi mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ tì í dé ìsàlẹ̀ láìyára, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu òkè, ẹ fà á sókè, ẹ ka gíga ohun dúdú tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe é ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún 90 ọjọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń tan èèyàn jẹ rèé: ẹ tún wọn ìdọ̀tí tó wà nínú omi tó ń jáde. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá dín kù nínú adágún, tí omi tó ń jáde sì dúdú jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, kòkòrò kò jẹ ẹ́. Gáàsì ló gbé e sókè, odò ló sì gbé e lọ.

Báwo la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ táǹkì tí kò ní afẹ́fẹ́?

Ẹ pín in sí yàrá mẹ́rin sí mẹ́fà, kí omi máa ti ìsàlẹ̀ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kó sì máa gba inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọjá sókè. Kí omi lo ó kéré tán ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ ni ìgbẹ́ màlúù tuntun tí a fi omi ìwọ̀n kan náà pò, tí a sì sẹ́ koríko rẹ̀. Ẹ kún ìdá 10 sí 20 nínú 100 táǹkì pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tó wá láti inú ṣàkì màlúù náà dára.

Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ bọ́ ọ. Oṣù méjì sí mẹ́rin ló lè gbà kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí pH, òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré sí ni kíkan ṣe pọ̀ sí), wà láàárín 6.8 àti 7.4. Tó bá wálẹ̀ sí 6.5, ẹ dá oúnjẹ dúró. Ẹ̀yin lẹ ń fún un jù.

Omi tí wọ́n fún lára ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ó ń pa koríko.

Ó ní sáyánáìdì, pH rẹ̀ sì sábà máa ń wà nítòsí 4. Ní gúúsù Kwara, níbi tí gààrí ti pọ̀, omi yìí ni wọ́n sábà máa ń dà sẹ́yìn ilé ìlọ ẹ̀gẹ́. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀ ní ọjọ́ kan kí ẹ lè kó lẹ́búlẹ́bú funfun rẹ̀, ẹ fi eérú tàbí láìmù gbé pH dé 6.5, kí ẹ wá pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù nínú táǹkì gáàsì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ẹ fẹ́ fún un lóòjọ́, kí ẹ máa gbé e sókè ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Sáyánáìdì lè mọ́ kòkòrò lára, àmọ́ kò lè mọ́ ọn lára lọ́jọ́ kan.

Omi yìí lọ́rọ̀ nínú. COD, òṣùwọ̀n tó ka gbogbo ohun tó ṣeé jóná nínú omi, ni a fi ń ṣírò rẹ̀: kílò kan tó bá tán ń mú bíi lítà 350 mẹ́táènì wá. Kílò 10 lóòjọ́ ní ooru tó sún mọ́ ti lítà mẹ́ta ààbọ̀ dísù, ó sì tó láti dín igi ìdáná tí wọ́n fi ń yan gààrí kù.

Ilé ìpẹran: kí ló kọ́kọ́ yẹ ní ṣíṣe?

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọ gọ́tà. BOD ẹ̀jẹ̀ lè ju mílígíráàmù 150,000 lọ nínú lítà kan, nígbà tí ti omi ilé kì í sábà kọjá bíi 400. Ọ̀pọ́n lábẹ́ ọrùn ẹran àti dúrọ́ọ̀mù kan ń ṣe iṣẹ́ tí bulówà ńlá kò lè ṣe. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ ikùn ní gbígbẹ, ẹ má fi omi ṣàn án. Lọ́sẹ̀ Iléyá, ẹ má tilẹ̀ retí pé táǹkì yín máa gba ohun tó ń bọ̀. Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ ṣáájú.

Àwa ní ilẹ̀ púpọ̀. Ṣé a nílò bulówà rárá?

Rárá, bóyá. Adágún mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn ń ṣiṣẹ́ láìsí iná: èkíní tó jìn ní mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, tí kò ní afẹ́fẹ́, èkejì mítà kan ààbọ̀, ẹ̀kẹta mítà kan, níbi tí oòrùn ti ń pa kòkòrò àrùn. Ẹ kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ èkíní nígbà tó bá gba ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, èyí tó lè gba ọdún mélòó kan. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé, nítorí ó ń rùn.

Kí ló dé tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ fi ń léfòó nínú táǹkì ìtòrò?

Ẹ wo bó ṣe ń léfòó. Tó bá ń wá sókè ní òkìtì pẹ̀lú èéhó wẹ́wẹ́, ó ti pẹ́ jù nísàlẹ̀, gáàsì naitirójìn ló ń gbé e. Ẹ mú kí pọ́ǹpù tó ń dá a padà yára sí i. Tí kò bá silẹ̀ rárá, tó fẹ́lẹ́ bí irun, kòkòrò onírun ló ti gbilẹ̀: ọ́síjìn kéré, tàbí ọ̀rá pọ̀. Ìfófó funfun jẹ́ ti ọṣẹ tàbí ti táǹkì tuntun. Ìfófó tó ki, aláwọ̀ igi, ń sọ pé kòkòrò ti dàgbà jù, ọ̀rá sì wà níbẹ̀. Ẹ fi igbá gbé e kúrò, ẹ má fi omi lù ú.

Ṣé a lè fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ṣe ajílẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ gbẹ ẹ́. Ẹ da á sórí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó. Nígbà òjò, ẹ nílò páànù lórí rẹ̀. Tánkà onílítà 10,000 tó ní ìdá 2 nínú 100 ohun gbígbẹ máa ku kílò 500 nígbà tó bá gbẹ dé ìdá 40, ìyẹn àpò mẹ́wàá oníkílò 50.

Ẹyin aràn ìfun kì í tètè kú. Ní ooru ilẹ̀ wa, ìmọ̀ràn WHO ni kí a fi pamọ́ fún ó kéré tán ọdún kan. Ẹ lò ó fún igi àti àgbàdo, ẹ má lò ó fún ẹ̀fọ́ tàbí tòmátì.

Pọ́ǹpù dí nínú kòtò. Ṣé ẹnì kan lè wọlé lọ tú u?

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé láìsí ẹ̀rọ tó ń wọn gáàsì, okùn mọ́ ara, àti ẹni méjì lókè. Gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó dobu ń pa agbára ìgbóòórùn nígbà tó bá pọ̀, nítorí náà àìrùn kò fi hàn pé kò sí. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ṣubú, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni òkú ṣe ń di méjì, di mẹ́ta. Ẹ má ṣáná síbẹ̀ pẹ̀lú: mẹ́táènì ń bú gbàmù nígbà tó bá jẹ́ ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́.

A ti jẹ́ kí kòkòrò pẹ́ dé ọjọ́ 30, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò dín mọ́, omi sì ti ń rú. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ yanrìn. Kòkòrò kò lè jẹ ẹ́, bó ti wù kó pẹ́. Ẹ bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ gbẹ, ẹ sun ún dáadáa, kí ẹ wọn eérú rẹ̀. Tí eérú bá ju ìdá 40 nínú 100 lọ, ẹ tún kòtò yanrìn ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí omi àgbàrá ti ń wọlé.

Tí eérú bá kéré, ẹ wọn pH. Kòkòrò tó dàgbà ń sọ àmóníà di náítíréètì, mílígíráàmù kan sì ń jẹ bíi 7 nínú agbára tí omi fi ń kọ kíkan. Nígbà tí pH bá wálẹ̀ sí 6.3, àwọn kòkòrò á tú ká, omi á sì rú bí omi eérú. Ẹ pa bulówà fún ìṣẹ́jú 30 sí 60 lẹ́yìn wákàtí méjì méjì: àwọn kòkòrò á mí nípasẹ̀ náítíréètì, díẹ̀ nínú agbára náà á padà, iná á sì dín kù. Tí ìyẹn kò bá tó, ẹ mú ọjọ́ orí wọn wálẹ̀ sí bíi 20, kí ẹ sì máa ka pH láràárọ̀.